Ẹni Tí Yóò Fọwọ́ Síwèé

"Ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná!"

Ohùn Màmá Nọ́ọ̀sì ló ké láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Ẹgbẹ́ Aládùúrà tó wà lórí ìkúnlẹ̀ la ojú. Bàbá Ìjọ Adétúnjí ti ń ki Ọlọ́run láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá: Ọba arínúróde, Olùmọ̀ràn-ọkàn, Atóbájayé, Ọba tí í tú òǹdè sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì pa á dé.

"Màmá, ṣé kò sí láburú? A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ Dúrójayé ni."

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni mo bá wá."

Ó rìn wọlé. Eruku ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti ń bọ̀ tààrà. Tinúọlá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ nílùú Ùsì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló gbẹ̀bí Dúrójayé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sin mẹ́ta kó tó bí i.

Dúrójayé ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ní oṣù kejì ọdún 2004, ẹnì kan gbé ọ̀kadà wá fún un pé kó bá òun tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ọ̀kadà olè ni. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, ẹni tó gbé e wá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Dúrójayé tó dúró ti iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n mú. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ìjọ ń gbààwẹ̀ pé kí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí. Oṣù kẹwàá sì ti wọlé.

"Òní ni mo kọ́kọ́ lọ wò ó," Màmá wí, "ojú sì tì mí pé oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń darúkọ rẹ̀ lórí eékún kí n tó wọkọ̀ lọ bá a. Ó ti gbẹ bí ẹja ààrò. Mo ní, 'Fọkàn balẹ̀, à ń gbàdúrà kí ilẹ̀kùn ṣí.' Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Màmá, adájọ́ ti fún mi ní béèlì láti oṣù kẹta. Onílé kan tí yóò fọwọ́ síwèé pé òun dúró fún mi ni à ń wá.'"

Ó yíjú sí Bàbá Ìjọ.

"Ó ní Àṣàkẹ́ ìyàwó òun wá bá Bàbá Ìjọ nílé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọ̀. Wọ́n tún kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ayé má baà ba àdúrà jẹ́. Bàbá, ṣé irọ́ ni?"

Bàbá Ìjọ yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbangba, Màmá."

"Ṣé irọ́ ni, sà?"

"Ó wá. Mo ní ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ilé méjì péré ni mo ní láyé, mo sì lọ́mọ. Ẹni tó bá dúró fún ọ̀bọ, kó rántí pé orí igi ni ọ̀bọ ń gbé. Bó bá sá lọ ńkọ́?"

"Ẹ wá ń darí àdúrà! Oṣù méje! Ẹ ń jẹ́ ká máa febi panú pé kí Ọlọ́run wá ṣe ohun tí bírò àpò yín lè ṣe! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà kún ṣọ́ọ̀ṣì fọ́fọ́, orí ọmọ ti wọ́ dé ẹ̀wọ̀n."

"Màmá, ẹ rọra," Àrìnkẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́, bẹ̀ ẹ́. "Ilé Ọlọ́run nìyí, mà."

"N kò ní rọra! Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró jayé. Ṣé orí sìmẹ́ńtì ẹ̀wọ̀n ni kó ti jẹ ẹ́?"

Ó fa ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà fún sọ́dọ̀, ó sì fi bírò pa orúkọ Dúrójayé rẹ́, débi pé ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

"Yéè! Màmá, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àdúrà?" Àrìnkẹ́ ké.

"Ọlọ́run ti dáhùn èyí. Ẹ yéé fi ariwo dí i létí. Èmi náà ní ilé. Ọ̀kan ṣoṣo ni, owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo sì fi kọ́ ọ. Èmi ni n óò dúró fún un."

Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Obìnrin? Ní kóòtù wo? Wọn kì í gba obìnrin ní onídùúró. Ẹ kàn fẹ́ lọ fowó mọ́tò ṣòfò ni."

"Kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú mi."

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sọ ọ́ lójú rẹ̀ lóòótọ́. Akọ̀wé kóòtù, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, yẹ ìwé ilé náà wò, ó sì tì í padà. Àṣàkẹ́ dúró lẹ́yìn Màmá.

"Màmá, ẹ lọ mú bàbá wá."

"Bàbá wo?"

"Ọkọ yín, mà."

"Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ibojì. Ṣé kí n lọ hú u wá ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa akọ̀wé, ó gbé e mì. "Ẹ má bínú. A kì í gba obìnrin."

"Inú òfin wo ló wà?"

"Bí a ṣe bá a nìyẹn, mà."

"Ó dáa." Màmá tẹ́ tákàdá kan síwájú rẹ̀, ó gbé bírò lé e. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ ọ́ pé Tinúọlá Oyèbánjí, tó ní ilé lórúkọ ara rẹ̀, tó ti gbẹ̀bí irú ìwọ àìmọye, kò tó ènìyàn níhìn-ín. Kí o wá fọwọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni n óò gbé e wọlé fún adájọ́."

Akọ̀wé wo bírò náà, ó wo ojú ìyá náà. Kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, ó kó ìwé ilé náà, ó wọlé lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe Màmá. Ìbéèrè kan péré ni adájọ́ bi í.

"Ẹ mọ̀ pé bó bá sá, ìjọba lè gba ilé yìí?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tó jáde, Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Dìde. Lọ wá mọ́tò tí yóò gbé wa lọ bá ọkọ rẹ."

Àṣàkẹ́ sáré lọ. Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Ó rántí yàrá mẹ́rin tó kọ́, àti kànga tó gbẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó dijú. Kò ki Ọlọ́run ní oríkì kankan.

"Baba," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "bá mi di ọmọ yẹn mú. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó sá."