Obìnrin Ilé Èrò

Onígbàjámọ̀ ju ìwé náà sórí itan Aláago bí ẹni tó ń dá ọjà tó ti bàjẹ́ padà fún ẹni tó tà á.

"Gba ìwé rẹ. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lórí ẹ̀. Obìnrin tó o ní kí n lọ bá níbẹ̀, mi ò bá a."

Aláago rẹ́rìn-ín. Orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí, níbi tó máa ń jókòó sí ní gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ogójì ọdún ló fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí èyí, àwọn èèlò wíńníwínní inú aago ló sì jẹ ojú rẹ̀ tán. Láti bí ọdún méjì, òjìji lásán ló ń rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé kò tíì tán láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí onígbàjámọ̀ bá gẹ orí kan tán tí òmíràn kò tíì dé, ìwé ni yóò nawọ́ mú. Bí Aláago bá wọlé, iyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: èyí dùn, èyí kò lórí kò nídìí, èyí ni ẹni tó kọ ọ́ kánjú parí. Èyí tó bá sì dùn mọ́ ọ̀kan nínú wọn, àfi kí èkejì náà wá a kà. Ìyàwó ọmọ Aláago ló ń ka tirẹ̀ sí i létí lọ́sàn-án, tó bá ti ibi tó ti ń ṣe búrẹ́dì dé.

Ìwé ilé èrò yìí wá yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko ni Aláago fi ń ròyìn rẹ̀ kiri. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń wo ojú rẹ̀, ó sọ fún ẹni tó ń pín lẹ́tà, ó dá àwọn tó wá gẹrun dúró níwájú dígí, ó sọ fún wọn. Ó ní nínú gbogbo ìwé tí òun ti kà láyé òun, òun kò tíì pàdé ẹni tó gbọ́n tó obìnrin tó ń tọ́jú ilé èrò etí odò yẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí onígbàjámọ̀ lọ wá ẹ̀dà kan rà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ògbólógbòó ìwé.

"O fo ojú ìwé ni," Aláago sọ.

"Mi ò fo ìlà kan. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń jà lórí ilé èrò tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Wọ́n jà ní kóòtù, wọ́n jà nílé, ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé ni wọ́n fi jà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé oúnjẹ wá lẹ́ẹ̀mejì, ó kí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó tán."

Aláago bi í nípa lẹ́tà tí obìnrin náà kọ tí kò fi ránṣẹ́. Ó bi í nípa ọkọ tó wọkọ̀ ojú omi lọ tí kò padà. Ó bi í nípa àpò tó dì, tó tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ìwé náà padà, bó ti ń béèrè ló ń ṣí i síwá sẹ́yìn, nígbà tó sì yá, onígbàjámọ̀ kò bá a jiyàn mọ́. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ka ojú ìwé ọgọ́ta sókè, ó ka ọgọ́rùn-ún, ó ka igba. Ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó ka àkọlé ìwé àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìwé kan náà ni.

Ẹnì kan wọlé wá gẹrun. Aláago mú ọ̀pá rẹ̀, kò tilẹ̀ dágbére dáadáa.

Ọ̀nà tó ti mọ̀ bí ẹní mowó dojú rú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó kọlu àga kan níwájú ilé aránṣọ, ó bẹ àga náà bí ẹni ń bẹ ènìyàn. Inú ló kọ́kọ́ bí i. Ṣé nítorí pé òun kò ríran ni wọ́n ṣe ń pa àlọ́ fún òun bí ọmọ ọwọ́? Òun wá ń gbé irọ́ káàkiri àdúgbò, òun ń jẹ́rìí sí i. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó dúró. Àwọn ìwé tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Rárá, onígbàjámọ̀ ka ìwọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Èyí nìkan ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kò bọ́ bàtà nígbà tó délé. Ó nawọ́ sí orí àpótí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀, ó mú ẹ̀dà tó wà nílé, ó fi ìka wá okùn tí wọ́n fi ń sàmì ibi tí wọ́n bá kà dé. Ìka rẹ̀ kò tíì fọ́jú. Ewé tó wà lápá òsì okùn náà fẹ́lẹ́, kò lè ju ogún lọ. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ki pọ́pọ́, ó ṣì lẹ̀ mọ́ra, kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá.

Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ìgbà tó yá, ó bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ló fẹ́ fọwọ́ kàn, bóyá àpò kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ wo ló ń tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ọmọ? Ojú tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan nílé. Ó padà sí pálọ̀.

Ọdún kẹrin rèé tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lọ ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun. Lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè. Ó wá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Nísinsìnyí, oṣù mẹ́jọ ti kọjá tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí Aláago bá béèrè, ìyàwó ọmọ rẹ̀ yóò ní, "Ó wà dáadáa, Bàbá," yóò sì bọ́ sí ilé ìdáná. Kò ráhùn rí. Òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń kán oògùn sí i lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọmọ Aláago obìnrin wà ní ìlú kejì, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ohun tí Aláago máa ń wí ni pé a kì í hú igi àgbà gbìn síbòmíràn.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, òun sì ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ kú ilé, Bàbá." Òórùn ìyẹ̀fun bá a wọlé.

"O kú iṣẹ́, ìyàwó."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún un lóúnjẹ. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi jẹun dáadáa, Aláago ní ebi kò pa òun ni. Obìnrin náà kó àwo kúrò, ó jókòó, ó mú ìwé. Aláago rán an létí ibi tí wọ́n dé: obìnrin náà ti lọ sí etí odò lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún ti padà wálé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Aláago sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Tó bá ń ka àwọn ìwé yòókù, a máa kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gígùn, a máa padà tún un kà. Nínú ìwé yìí, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yẹ kí òun ti mọ̀.

"Kí ló tiẹ̀ ń dá a dúró?" ó béèrè.

"Bàbá?"

"Obìnrin yẹn. Àpò ti wà ní dídì. Ọkọ̀ wà létí odò. Kí ló ń dá a padà?"

Ohùn tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi ń kàwé ló fi dá a lóhùn: "Bàbá ọkọ rẹ̀ wà nílé, kò sì ríran. Ohun tó ń rò ni pé, bí òun bá lọ, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?"

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kò sí arúgbó kankan nínú ilé èrò yẹn. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́.

Aláago fọwọ́ nu ojú rẹ̀ méjèèjì. "Ìwé yìí dùn," ó ní, "àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan láti bá ẹni tó kọ ọ́ rò. Ó gbàgbé pé bàbá yẹn ní ọmọbìnrin tó ti ń pè é láti èṣí. Kò sóhun tó ń ṣe bàbá ọ̀hún ju agídí lọ. Kò yẹ kí wọ́n fi agídí arúgbó há obìnrin yẹn mọ́nà."

Mọ́tò kan kọjá níta. Nígbà tí ariwo rẹ̀ lọ tán, obìnrin náà sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn ìwé mọ́.

"Bóyá a ò tíì kà débẹ̀ ni, Bàbá."

"Onígbàjámọ̀ ti ka tiẹ̀ tán. Ó ní kò sí obìnrin kankan níbẹ̀."

Ẹ̀rù ba Aláago pé obìnrin náà yóò dìde, ó sì yára fi kún un: "Mo sọ fún un pé tiwa ló dùn jù. Máa kà á lọ, ọmọ mi."

Kò tíì sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀. Ó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ó gbọ́ tí wọ́n gbé ìwé náà sórí àpótí. Ó gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ méjì tí iṣẹ́ ti mú yi, tí wọ́n ń ra mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ìtàn náà ń bá a lọ, jẹ́jẹ́, ó ń kọsẹ̀ níbí, ó ń dúró lọ́hùn-ún. Obìnrin náà tún lẹ́tà rẹ̀ kọ, ó sì fi í ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀, wọ́n sì pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ orúkọ àwọn oògùn sínú ìwé pélébé kan, èyí tàárọ̀, èyí tìrọ̀lẹ́.

"Lọ́jọ́ Ajé," ó ní, "ó wọ ọkọ̀ àárọ̀."

Ìbéèrè kún Aláago lẹ́nu. Níbo ni ọkọ̀ náà ń lọ? Ta ni yóò pàdé rẹ̀ lódì kejì? Ṣé yóò máa ránṣẹ́ sílé? Kò béèrè ọ̀kankan. Ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìka yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan: Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Ọ̀sán mẹ́ta ló kù nínú ìwé náà.