Àwọn Ọkọ Tí Kò Buwọ́ Lùwé

Orpha Lindahl, akọ̀wé ìdìbò agbègbè wa, gbé rúlà lé ìwé tí mo fi gba ìbuwọ́lù àwọn ará agbègbè, ó ń sún un sísàlẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìlà keje, ó mú bírò pupa.

"Lorna, ta ló kọ orúkọ Arvid Toft síbí?"

"Arvid ni, mà."

"Ìyàwó ẹ̀ ni. Wo bírò, wo ọwọ́. Ẹnì kan ló kọ ti àwọn méjèèjì."

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé náà dé ilé wọn, Arvid wà lóko, Hulda ìyàwó rẹ̀ sì ní, "Mú un wá, èmi náà ni mo máa ń kọ tiẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé gbogbo lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó ní ń buwọ́ lu ìwé báńkì, òun ní ń buwọ́ lu ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Èmi náà ò kà á sí.

Nínú orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo kó wá, Orpha fagi lé mẹ́sàn-án. Ó ku méjìlélógún. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òfin ní kó buwọ́ lùwé kí orúkọ mi tó lè wọ ìwé ìdìbò gẹ́gẹ́ bí olùdíje fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

"O sì búra níbí," ó fi bírò tọ́ ìsàlẹ̀ ìwé, "pé ìṣojú ẹ ni kálukú ti kọ tiẹ̀."

"Mo ṣẹ̀, mà."

"Aago márùn-ún ni mo ń tilẹ̀kùn. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú la wà yìí. Lọ wá àwọn ọkọ."

Ìgbìmọ̀ fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ Tilbury pa, kí bọ́ọ̀sì máa kó àwọn ọmọ wa lọ sí Brandt, máìlì mọ́kànlélógójì. Mo mọ ọ̀nà yẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbà á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ẹ̀ẹ̀méje ni yìnyín dá mi dúró síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gba wákàtí mẹ́fà, tí mo ki ẹsẹ̀ mi bọ inú àpò ọ̀dùnkún nítorí òtútù. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà jìyà bẹ́ẹ̀. Ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí Merle Voss, tó fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa, ti wà lórí àga ìgbìmọ̀ láìsí ẹni tó bá a dù ú.

Abẹ́ katakata ni mo bá Arvid. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn.

"Bọ̀ọ̀dá Arvid, ẹ dákun, ẹ jáde wá buwọ́ lùwé."

"Hulda ò tíì buwọ́ lù ú ni?"

"Ó ti buwọ́ lù ú. Orúkọ yín ló kọ."

"Kí ló wá kù? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kọ orúkọ mi. Ó mọ̀ ọ́n kọ jù mí lọ!" Ó fa ara rẹ̀ jáde, ó nuwọ́ sára ṣòkòtò, ó kọ ọ́ gbàgàdà gbagada. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á ní èyí gan-an ni ayédèrú."

Gordy Reinholt, ọkọ kejì, kò tiẹ̀ dúró. Orí ẹ̀rọ ìkórè ló wà láàárín àlìkámà, òjò sì ti ṣú lápá ìwọ̀-oòrùn. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo di àkàbà mú, mo gùn ún.

"Bó o bá já bọ́, ìbò kan ti dín nìyẹn o!" ó pariwo, ó sì buwọ́ lù ú lórí sítíárì ẹ̀rọ náà.

Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí n tó rí ọkọ kẹta, Wendell Opsahl, nídìí àká rẹ̀. Ó ka ìwé náà tán pátá.

"Ta ló ní mo ti buwọ́ lu èyí tẹ́lẹ̀?"

"Inga ìyàwó yín ló kọ ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Opsahl. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Inga ò bi mí léèrè." Ó bojú wo ilé. "Èmi fẹ́ kí wọ́n tì í pa. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tíṣà mẹ́rin! Owó orí ilẹ̀ mi ló ń bọ́ wọn. Ìwọ, o ní ilẹ̀?"

"Mi ò ní."

Ilé tó kàn jìnnà, àkókò ò sì sí mọ́. Mo rò ó bóyá kí n sọ ti àwọn ọmọ fún un. Nǹkan mìíràn ni mo sọ.

"Mo búra pé mo rí yín tí ẹ kọ ọ́. Mi ò rí yín. Irọ́ ni mo pa mọ́ yín, ẹ má bínú. Bí ẹ ò bá buwọ́ lù ú, kò sí ìjà, ṣùgbọ́n orúkọ mi ò ní wọ ìwé ìdìbò lọ́dún yìí."

Ó tún wo ìwé náà.

"Láti ọdún mọ́kànlá, mi ò gbọ́ kí Merle sọ pé òun ṣẹ̀ rí." Ó gba bírò. "Mi ò ní dìbò fún ẹ o."

"Mo gbọ́, sà."

"Inga á dì í fún ẹ. Tèmi á pa tiẹ̀ rẹ́."

Máìlì mẹ́tàdínlógún ni mo fi eré wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà olókùúta. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méje ni mo wọlé. Orpha gbé rúlà lé e.

"Wendell? Òun fúnra ẹ̀?"

"Òun fúnra ẹ̀. Ó ní òun ò ní dìbò fún mi."

"A jẹ́ pé òun gan-an ni."

Ó ti ìwé ìbúra tuntun sí mi. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó kọ orúkọ mi, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

"Merle ni yóò wà lókè lórí ìwé ìdìbò," ó wí. "Ìwọ á wà nísàlẹ̀."

"Kò burú, mà," ni mo wí. "Àwọn èèyàn máa ń kàwé dé ìsàlẹ̀."