Ìrìn-Àjò Òdo

Ká ní ènìyàn ló kọ lẹ́tà náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn díẹ̀. Ènìyàn ṣeé bẹ̀. A lè ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fojú àánú wò wá." Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ẹ̀rọ ló fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ kò ní ojú àánú, kámẹ́rà nìkan ló ní.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà wọlé sórí kọ̀ǹpútà Ìyá Kàlẹ́ńdà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ nìyẹn, nítorí òun ló ń tọ́jú ọjọ́ àwọn tí iléeṣẹ́ ń rán lọ sí orílẹ̀-èdè kejì, láti tún ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara aláìsàn ṣe. Òfin ibẹ̀ fún àlejò tó wá ṣiṣẹ́ ní ọgọ́ta ọjọ́ lọ́dún. Tó bá fi ọjọ́ kan péré kọjá, ó ti di ará ìlú wọn nìyẹn: kọ̀ǹpútà wọn á yọ owó orí nínú owó oṣù rẹ̀ láìbi í, á sì ti ẹnubodè mọ́ ọn títí ọdún mìíràn. Nígbà kan, ọlọ́pàá ibodè ló ń lu òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ sì lè ṣàì hàn dáadáa. Ní báyìí, kámẹ́rà ló ń wo ojú ẹni, á kà yín wọlé, á kà yín jáde, kì í gbàgbé.

Lẹ́tà náà, láti ọ́fíìsì owó orí wọn, sọ pé Dókítà Ẹ̀rọ ti lo ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó ku ọ̀kan. Ìwé Ìyá Kàlẹ́ńdà sì sọ pé méjìdínlógójì ni.

Dókítà Ẹ̀rọ yìí ló dàgbà jù nínú àwọn atúnṣe. Kó tó tú ìdè ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bi aláìsàn pé níbo ló ń dùn ún. Orílẹ̀-èdè kejì yẹn ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin yìí ti kú, ọkọ ọmọbìnrin náà sì ń ṣiṣẹ́ lórí òkun. Bàbá ti ṣèlérí fún un pé bó bá bímọ, òun á wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bi Ìyá Kàlẹ́ńdà bóyá ọjọ́ òun á tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà lobìnrin yìí dáhùn pé, "Á tó sà, á tún ṣẹ́kù."

Ó pe ọ́fíìsì owó orí ibẹ̀. Ohùn kan ní kó tẹ ení, kó tẹ ẹ̀rin, kó máa dúró. Ó dúró títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ohùn náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pa fóònù. Ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Kó tó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, èsì ti dé: rárá. Ẹni tó bá yára fèsì tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tan ara yín, kò kà á.

Nírọ̀lẹ́ ó bá ìyá rẹ̀ nílé, wọ́n jọ ń ká aṣọ.

"Ìgbà wo ni mo sọ fún ẹ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ń dún?" ni ìyá bi í.

"Ọjọ́ méjì sẹ́yìn, mà."

"Ìjẹta ni."

"Ọjọ́ méjì náà kọ́ nìyẹn, mà?"

"Ta ló kọ́ ẹ níṣirò?" Ìyá na ìka sókè. "Òní, ọ̀kan. Àná, méjì. Ìjẹta, mẹ́ta. Tí kì í bá ṣe mẹ́ta, kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní ìjẹta? Àbí o ò sí láyé lónìí ni?"

Ìyá Kàlẹ́ńdà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dúró gbagidi, aṣọ lọ́wọ́.

Oorun lòun ń kà. Ìwé tí òtẹ́ẹ̀lì bá fún atúnṣe ló ń wò: tó bá lọ ní Monday, tó dé ní Wednesday, ó sun oorun méjì, á kọ méjì. Ẹ̀rọ ń kà á bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kà á: ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ó ti wà nínú iye. Monday, Tuesday, Wednesday, mẹ́ta. Ìgbà mẹ́rìnlá ni Dókítà Ẹ̀rọ ti lọ sùn níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti lé nìyẹn. Nínú ọjọ́ mọ́kànlélógún tí ìwé méjèèjì fi yàtọ̀, ó ku méje tí kò tíì mọ ibi tó lọ.

Ó ká aṣọ mẹ́ta sí i kó tó rántí. Àwọn ìrìn-àjò òdo ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ kékeré kan bá yọjú, á ní, "Ẹ bá mi lọ ìrìn-àjò òdo kan, sà. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ dé nírọ̀lẹ́, kò ní jẹ yín lọ́jọ́ kankan." Ìgbà méje ló ti rán an bẹ́ẹ̀, ìgbà méje ló kọ òdo, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun gbọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ẹ̀rọ wọlé pẹ̀lú aṣọ ìnura kékeré kan tó ní àwòrán pẹ́pẹ́yẹ. Ó fẹ́ kó bá òun wò ó bóyá ó rọ̀ tó fún ara ọmọ tuntun. Ìyá Kàlẹ́ńdà kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo ṣì í kà, sà. Ọjọ́ kan péré ló kù fún yín."

Nígbà tó ṣàlàyé tán, bàbá ní kó ka ọjọ́ ìrìn-àjò òdo méje náà sí òun létí. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Ìyẹn, ìwé tóo gbàgbé láti fi ránṣẹ́ ni mo gbé lọ. Mi ò lò tó wákàtí kan níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dun obìnrin náà jù. Ó ká aṣọ ìnura náà sí mẹ́rin.

"Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ó dáa. Ọjọ́ gbogbo ti jẹ́ ti iléeṣẹ́. Ọjọ́ kan yìí, tèmi ni. Dìde."

Ṣùgbọ́n ọmọ inú kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Bàbá gba ìsinmi, ó ń lọ jókòó lójoojúmọ́ ní gbọ̀ngàn ẹnubodè, ní apá ìhín, báàgì lẹ́sẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹrin Ìyá Kàlẹ́ńdà lọ bá a jókòó. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni fóònù dún. Ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà ti ń ṣírò. "Sà, tí ẹ bá dúró di agogo méjìlá òru, ọjọ́ tuntun á bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ní odindi wákàtí mẹ́rìnlélógún. Tí ẹ bá wọlé báyìí, ẹ gbọ́dọ̀ jáde kó tó di méjìlá. Wákàtí mẹ́jọ. Ẹ yọ méjì ti ọ̀nà kúrò, ó ku mẹ́fà."

Fóònù ṣì wà létí bàbá. Àwọn méjèèjì gbọ́ ohùn náà: "Bàbá mi, ṣé ẹ ti ń bọ̀?"

"Mo ti ń bọ̀." Ó gbé báàgì. "Ìyá Kàlẹ́ńdà, ìṣirò rẹ pé lónìí. Àmọ́ ọmọ mi ò lè dúró dè é."

Ó dúró síwájú kámẹ́rà. Iná aláwọ̀ ewé tàn, ẹnubodè sì ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì àná.

"Obìnrin ni," ló wí. "Agogo mẹ́jọ ku díẹ̀ ni wọ́n bí i. Mo gbé e fún wákàtí méjì. Ìyá ẹ̀ ti sùn nígbà tí mo ń jáde. Mi ò jí i."

Ọdún ṣì ku oṣù márùn-ún. Títí dìgbà náà, inú fóònù ni bàbá á ti máa wo ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ìyá Kàlẹ́ńdà ṣí ìwé rẹ̀. Bó ti mọ́ ọn lára, ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya òdo. Ó dá ọwọ́ dúró, ó pa á rẹ́, ó sì kọ ọ̀kan, ó wá yí ìwé náà sí bàbá kó fọwọ́ sí i.

Bàbá wò ó pẹ́. "Ọ̀kan," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni obìnrin náà dáhùn. "Odindi ọjọ́ kan."