Ẹ̀sán Níbi Tí Ẹ̀jọ Wà

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ pa fóònù yín, torí mi ò ní í tún un sọ. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wú u báyìí. Ó tán? Ó dáa.

Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, Ọ̀gá Pín ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe pé mò ń ta pín o. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kan, mi ò sì gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Kọ̀ǹpútà wọn ni mò ń tọ́jú. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún gan-an, ojú ayé lásán ni. Àpótí kékeré kan ló wà lẹ́yìn síkírínì kọ̀ọ̀kan, kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ, kò sì ní ọpọlọ tirẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ńlá kan tó wà nínú yàrá tútù lókè ló ti ń lọ yá a lójoojúmọ́. Bíi àna mi kan báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ní irú ẹ̀ nílé.

Àpótí méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá dákú, ihò kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀, ibẹ̀ lẹ̀mí ẹ̀ wà. Màá fa àga, màá jókòó tì í, màá ki pín irun bọ ihò náà, màá ka ení títí dé ẹ̀wá. Iná pupa á di àwọ̀ ewé. Lójú ẹsẹ̀ ló máa gbàgbé gbogbo nǹkan, á dà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ìbéèrè ẹyọ kan ló máa wá bi mí: níbo ni ẹ̀rọ ńlá ń gbé? Nọ́ńbà méje ni àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, ọmọ ti délé nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, ilé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ ló máa lọ kanlẹ̀kùn, á kàn án títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mi ò kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ rí. Ohun tó ń bọ́ ẹ, ṣé wàá gbé e sójú títì ni? Orin ni mo fi ṣe. Nígbà tí ọmọbìnrin wa ṣì kéré, tí kì í jẹ́ ká sùn, orin yẹn náà ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún:

*Oókan, òdo, ẹ̀rin, èje,*
*ẹ̀fà, èjì, ẹ̀jọ ló kù,*
*ọmọ mi, sùn.*

Ọmọ á sùn. Ìyá ẹ̀ á sùn. Èmi tí mò ń kọrin náà á sùn.

Ìyá ọmọ yìí, ilé ìwòsàn kan náà la jọ wà. Òun ló ń jókòó níwájú pátápátá, níbi tí aláìsàn ti ń dárúkọ kó tó rí dókítà. Pín irun tí mo fi ń jẹun, orí ẹ̀ ni mo ti yọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ nílò ẹ̀, mi ò sì dá a padà. Nígbà kan, níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ó ní, "Bàbá Ọmọ, ẹ kọ́ mi ní bá a ṣe ń jí àpótí yìí dìde, kí n yéé dúró dè yín."

Mo ní, "Ìwọ? Tẹ orúkọ aláìsàn, ìyẹn tó ẹ. Iṣẹ́ ọpọlọ lèyí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ ṣá mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun dé. Mo lè bí i, bàtà ẹ̀ á máa dún kò-kò-kò kí òun fúnra ẹ̀ tó yọ. Ó pè mí wọ ọ́fíìsì.

"Bàbá, ẹ bá mi kọ gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe àwọn àpótí yẹn sínú ìwé. Ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?"

"Kí ẹlòmíì náà lè mọ̀ ọ́n ni. Ẹ máa pẹ́ láyé o, àmọ́ èèyàn lè ṣàìsàn."

"Tí mo bá ṣàìsàn, sà, ṣebí ilé ìwòsàn náà la wà yìí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín sírú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Imú mi ti gbóòórùn ohun tó ń bọ̀. Mo kọ ìwé náà, ó mọ́ bí ìwé olùkọ́. Mo ya àwòrán ihò, mo ya àwòrán pín. Àmọ́ nígbà tí mo dórí nọ́ńbà tó kẹ́yìn, níbi tó yẹ kí ẹ̀jọ wà, ẹ̀sán ni mo fi síbẹ̀. Ẹ̀sán kékeré báyìí, tó ní ìrù tó rẹwà.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni ọ̀gá gbà á. Ó ṣí i wò, ó mi orí. "Ó dáa gan-an. Ẹni tó bá ti lè kàwé lè ṣe é. Bàbá, láti ọjọ́ Ajé, ẹ máa sinmi nílé."

"Fún ọjọ́ mélòó, sà?"

"Ẹ ṣá sinmi dáadáa."

Mo délé, mo ń fẹsẹ̀ jó. Ìyàwó mi rò pé orí mi ti yí. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sán fún un, mo ní ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún wọn, mọ́tò ni wọ́n máa fi wá gbé mi.

"Bàbá Ọmọ, èmi ni mo wà níwájú o. Èmi ni wọ́n máa bú."

"Fara dà á. Ẹnu ẹ ni kó o ṣá pa mọ́. Iṣẹ́ ọpọlọ ni ìyókù."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àpótí ìyàwó mi gan-an ló kọ́kọ́ dákú. Ọ̀gá gbé ìwé dé, ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó kì í bọ ihò, ó tẹ nọ́ńbà mi. Àpótí ò dáhùn. Ó ní àpótí yẹn ti bàjẹ́. Ó bọ́ sí ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti fi wò ó bóyá ìwé ò purọ́. Òun náà gbàgbé ayé. Ó bọ́ sí ìkẹta. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ sọ méjìlélọ́gbọ̀n di ọmọ tuntun, kò sì séyìí tó mọ ilé nínú wọn.

Ìyàwó mi délé, ohùn ẹ̀ ti há. "Àwọn aláìsàn ní èmi ni mo gbé káàdì wọn mì. Obìnrin kan ju ìwé lù mí lójú."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dùbúlẹ̀. "Ó ku ọjọ́ méjì. Ṣé ọ̀gá ò tíì dárúkọ mi?"

"Ó ní òun ò ní í pè yín. Ó ní ìwé wà."

Lọ́jọ́rú, ìlà àwọn aláìsàn dé ojú títì. Ìyàwó mi ò bínú nígbà tó dé, ó kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá arúgbó kan jókòó síwájú mi láti àárọ̀. Lẹ́yìn tí mo wá orúkọ ẹ̀ tì, ó bi mí, 'Ọmọ mi, ṣé mi ò sí láyé mọ́ ni?' Bàbá Ọmọ, ẹ pe ọ̀gá, ẹ sọ fún un."

"Ó ku ọjọ́ kan."

"Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́. Ó ku ọjọ́ kan."

Ó pa iná.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀, mo fi pín sápò àyà, mo gbé fóònù lé itan, mo jókòó sójú fèrèsé. Mọ́tò kọjá, mo dìde. Mọ́tò míì kọjá, mo tún dìde. Fóònù dún, àwọn tó ní mo jẹ ẹ̀bùn ni, mo gé e mọ́ wọn lẹ́nu. Oòrùn yí padà, mo ṣì wọ bàtà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbọ́ ohùn kan láti ẹnu géètì. Ìyàwó mi ni. Orin ló ń kùn sínú, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n. *Oókan, òdo, ẹ̀rin, èje...* Mo dúró síbẹ̀, gbogbo ara mi ń gbọ́ ọ. Ó wọlé, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó wò mí láti bàtà dé ṣẹ́ẹ̀tì.

"Àpótí méjèèjìlélọ́gbọ̀n ti mọ ilé, orin ọmọ wa ni mo fi tẹ nọ́ńbà wọn. Mo bá yín bo àṣírí ẹ̀sán yẹn o. Mo sọ fún ọ̀gá pé ojú yín ni kò ríran dáadáa mọ́."

Kí n tó lanu, ó ti na ọwọ́ sí mi: "Bàbá Ọmọ, ẹ fún mi ní pín irun mi, ọ̀la ni mò ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín."