Ọmọ Ìlú Kì í Sanwó

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, Màmá," ni Graciete wí, ó gbé fóònù sókè. "Ẹ ń wò mí bí ẹni tí ọlọ́pàá mú."

"Oòrùn ń pa mí, bàtà ń há mi lẹ́sẹ̀, o ní kí n rẹ́rìn-ín."

Ṣùgbọ́n Etelvina rẹ́rìn-ín. Ó dúró síwájú Ilé Ìṣọ́ Belém létí odò, nínú aṣọ dúdú tí kò bọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó di báàgì rẹ̀ mú gírígírí láàárín àwọn àlejò tó wá wo ìlú.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó ti lò láyé, inú ilé kan ṣoṣo ní Alfama, àdúgbò àtijọ́ kan ní Lisbon, ló ti lò ó. Aṣọ ló ń lọ̀ fún àwọn ilé ìtura títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Kò jáde lọ wo Lisbon rí. Ta ló ń wo ìlú ara rẹ̀? Àfi bí Graciete, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé ní Barreiro lódìkejì odò, ṣe pè é pé òun ti gba àyè níbi iṣẹ́, pé Ọjọ́bọ̀ yìí, tìyá òun ni.

Wọ́n wo ilé àwọn àlùfáà àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ òkúta rẹ̀ bíi léèsì. Wọ́n jẹ àkàrà dídùn tí wọ́n fi ẹyin ṣe. Graciete ra èkejì fún ìyá rẹ̀, ó tún ra ẹ̀kẹta.

"Ṣé àìsàn kan ń ṣe mí tí dókítà sọ fún ìwọ nìkan ni?" ni Etelvina bi í. "Ìkẹ́ yìí pọ̀ jù."

Graciete tún ti àwo àkàrà náà sún mọ́ ọn.

Ìyá ní ilé olódi tó wà lórí òkè ni kí àwọn parí sí. "Ọ̀fẹ́ ni! Ọmọ ìlú kì í sanwó níbẹ̀."

"Ó ti rẹ̀ yín, Màmá. Òkè yẹn ga."

"Òkè tí mo ti ń gùn kí wọ́n tó bí ìyá ọkọ rẹ?"

"Ẹ jẹ́ kí n sanwó fún àwa méjèèjì nígbà náà."

"Sanwó kẹ̀! Kí àwọn ará àdúgbò gbọ́?"

Nígbà tó kàn wọ́n lórí ìlà, Etelvina na káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ síwájú bí ẹni na òrùka ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà fi í sínú ẹ̀rọ, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ kì í gbé Lisbon. Àdírẹ́sì Barreiro ló wà níbí."

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ń ṣàárẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibí yìí ni wọ́n ti gé ìwọ́ mi."

"Oṣù tó kọjá ni wọ́n yí i padà, Màmá."

Etelvina wẹ̀yìn. Graciete ti sorí kọ́. Ìgbà náà ló rántí: ọmọ rẹ̀ ti gba nọ́ńbà àṣírí káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ìwé oògùn lòun fẹ́ fi ṣe.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ìlà, Màmá."

"Mo ní, ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni. Lóṣù méjì sẹ́yìn, ẹ ṣubú lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè ni mo tó bá yín nílẹ̀. Bí mo bá ti ní kí ẹ wá máa bá mi gbé ní Barreiro báyìí, ẹ ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mo ní n ó sọ ọ́ lónìí, ẹnu mi ò gbà á."

"O wá ń bọ́ mi bí ẹran àsè."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kùn. Àánú ṣe ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà. "Ẹ máa wọlé, Màmá. Mi ò rí nǹkan kan."

"Rárá o. Bí ìwé bá ní àlejò ni mí, n ó san owó àlejò." Ó san án, ó sì wọlé.

Lẹ́bàá odi, ó tẹjú mọ́ àwọn òrùlé amọ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀. "Ilé Deolinda nìyẹn," ó wí. Deolinda, aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́, ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú Amadora. Àwọn àlejò tó ń wọ́ àpótí onítáyà ló ń sùn níbẹ̀ báyìí, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. "Ilé Zulmira nìyẹn." Zulmira ti kú. Ó nàka sí ilé méje bẹ́ẹ̀, kò sí onílé kankan mọ́.

"Wọ́n gbọ́ mi," ó wí lójijì.

"Àwọn wo?"

"Lọ́jọ́ tí mo ṣubú. Àwọn àlejò dúró lábẹ́ fèrèsé, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo ń ké, wọ́n rò pé orin ni. Ṣebí wọ́n ti sọ fún wọn pé obìnrin Alfama a máa kọrin arò. Nígbà tí ohùn mi tán, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n lọ."

Graciete bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ kò ní kó dákẹ́. Ó tún wo àwọn òrùlé náà.

"Ọjọ́ wo lo fẹ́ wá kó mi?"

"Sátidé, Màmá."

"Wá láàárọ̀. Nígbà tí a bá kó ẹrù tán, kí o sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró dè mí. Èmi nìkan ni n ó ti ilẹ̀kùn yẹn."