Kí Ẹni Inú Bẹẹrẹ Fọhùn

Ẹnu pupa kan ń yọ láàárín bẹẹrẹ. Pupa bí ata wẹẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, kékeré bí èékánná ọmọ tuntun. Ẹnu ẹyẹ olóńgo ni, Àlàní. Ìyókù ara rẹ̀ jọ koríko. Bí kì í bá ṣe ti ẹnu yẹn, n kì bá rí i.

Ó bà sórí igi koríko tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Koríko tẹ̀, kò ṣẹ́. Ọyẹ́ fẹ́, koríko ń lọ, olóńgo ń lọ. Koríko ń bọ̀, olóńgo ń bọ̀. Tín-ín-tín ni ara rẹ̀, tín-ín-tín ni ohùn rẹ̀. Ó ń ké. Kò sí ẹni tó ń kẹ́ ẹ.

Ọ̀dàn ẹ̀yìn Ìgbòho nìyí. Ọ̀dàn ni, kò ní igi ọdán tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀. Bẹẹrẹ ti gbẹ, ó ga kọjá orí mi níbi tí mo jókòó sí. Níbí la máa ń jókòó, ìwọ àti èmi. Níbí lo ti sọ pé olóńgo kì í dá ìtẹ́ kọ́, pé bí ọ̀kan bá ń ṣa koríko wá, èkejì á máa hun ún, bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà yóò ṣe rí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo ní ẹnu rẹ dùn ju oyin lọ.

Lánàá, àbúrò rẹ ti Kútọnù dé. Kò jókòó, ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n má dúró dè ọ́ mọ́, pé o ti fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, pé ìyàwó náà ti lóyún. Mo ní mo gbọ́. Mo bu omi fún un mu. Mo gbálẹ̀. Ìyá mi ní kí n sunkún kí ara lè fúyẹ́. Mo wá ẹkún kiri inú ara mi, n kò bá a.

Ọkọ̀ ló gbé ọ lọ, Àlàní. Ọkọ mi kọ́ lo jẹ́ mọ́. Ohùn díẹ̀ báyìí ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.

Láti ìgbà náà n kò sọ̀rọ̀. Inú kò bí mi. Gbogbo ara mi ló kú bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé. Ẹnu mi dà bí ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò níbẹ̀.

Ìtẹ́ olóńgo wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, roboto bí ìkòkò tó dùbúlẹ̀. Ẹyẹ náà pẹ́ kó tó yé ẹyin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tọ́ ọmọ tán kí òjò tó lọ. Àwọn ọmọ tirẹ̀ kò tíì hu ìyẹ́. Ẹnu lásán ni gbogbo wọn.

Èéfín ògùṣọ̀ ń rùn bọ̀. Baba Bùráímọ̀, àbúrò bàbá mi, àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ sun ọ̀dàn, nítorí ọ̀yà. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ti iná bọ ọ̀dàn láìpè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á dáhùn. Ẹni tí kò bá dáhùn, kò sí níbẹ̀.

“Ẹni tó bá wà nínú bẹẹrẹ, kó fọhùn o.”

Mo gbọ́. N kò fẹ́ kú, n kò sì sá fún ikú. Mo kàn jókòó ni.

Baba Bùráímọ̀ tún pè. Ọdẹ kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohùn rẹ̀ jọ ti òbúkọ arúgbó, pé ọ̀yà ti gbọ́, wọ́n sì ti sùn padà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Baba Bùráímọ̀ ní kí wọ́n ní sùúrù, òun yóò pè é kágbá.

Olóńgo kò fò lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú ìtẹ́ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Tín. Ó dáhùn, Àlàní. Ó dáhùn, wọn kò gbọ́.

Ìpè ìkẹyìn dé.

Ẹnu mi là. Ohùn tó jáde kì í ṣe èyí tí o mọ̀. Ó gbẹ, ó há, ó jọ ti àgbàlagbà.

“A wà níbí.”

Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ògùṣọ̀ mọ́lẹ̀. Baba Bùráímọ̀ ń bọ̀, ó ń ya koríko lọ́wọ́ kan, ó ń béèrè pé èmi àti ta ni.

Ojú mi ṣì gbẹ. Òkè òdìkejì gba ohùn mi, ó rán an padà, ó ti di tẹ́ẹ́rẹ́: wà níbí. Níbí.

Nínú bẹẹrẹ: tín.