Ọlọ Màmá Àgbà Kò Mì

Mo lá àlá kan lánàá. Ẹ má sọ pé lóru o. Ọ̀sán gangan ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀wà tán, oorun sì gbé mi lọ láìdágbére. Mo bá ara mi nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀, mo wọ kóòtù tí wọ́n fi háhá àgbàdo rán. Ó bá mi mu dáadáa.

Ilé-iṣẹ́ náà kò sí nílẹ̀. Ó ń léfòó lókè àgbàlá wa bí ìyẹ́ adìẹ. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí, ní, “Ẹni tó fẹ́ wọn ìmìtìtì kò gbọdọ̀ bá ilẹ̀ mì. Ìdí nìyí tí a fi fò sókè.”

Mo ní, “Ọgbọ́n ni, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá wá mì, ta ni yóò sọ fún wa?”

Ó ṣí fáìlì wò. Fáìlì wúkọ́, ó ní, “Wọn ò kọ ìyẹn sínú mi.”

Ibẹ̀ la wà tí lẹ́tà fi dé láti ọwọ́ ilẹ̀. Ó ní àpáta ńlá méjì ń bẹ nísàlẹ̀ tí wọ́n ti ń ti ara wọn láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún, bí àna méjì lórí bẹ́ǹṣì kan, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sún. Lónìí, ọ̀kan máa yọ̀ tẹ̀rẹ́. “Ìbejì ni ìmìtìtì tí yóò ti ibẹ̀ wá: Táíwò ni yóò kọ́kọ́ dé. Kẹ́hìndé ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Mo wo ìsàlẹ̀. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó nínú ilé alámọ̀ wa, ó ń bó ẹ̀gúsí.

“Màmá! Ẹ jáde! Ilẹ̀ fẹ́ mì!”

“Mélòó ni?”

“Ẹ kọ́kọ́ jáde ná!”

“Àkànmú, n kì í sá fún ohun tí mi ò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Mo ti sá fún ejò rí, okùn ni.”

Ó dáa, màá wọ̀n ọ́n. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo di okùn mọ́ ilé-iṣẹ́ nídìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀. Okùn di ọbẹ̀ ilá lọ́wọ́ mi. Mo ń fà á. Ọbẹ̀ di ẹsẹ̀ Ọ̀gá Ṣówùnmí. Mo ń fà á! Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà jókòó sórí àpáta, mo dè é mọ́lẹ̀ pinpin, mo wọ inú rẹ̀. Kí ni mo rí? Ọlọ Màmá Àgbà, tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sí àjà, tí wọ́n de báírò mọ́ ìdí rẹ̀, tí wọ́n tẹ́ ìwé gbọọrọ sábẹ́ báírò.

“Ọlọ, kí lò ń ṣe níbí?”

“Mo dúró ni. Mo wúwo, bí ilẹ̀ bá ń gbé ìwé lọ tó ń gbé e bọ̀, èmi ò ní bá a lọ. Ìwé ni yóò máa fi ara rẹ̀ ha báírò. Ẹ̀yin èèyàn á wá ní èmi ni mo kọ̀wé.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi sáré wọlé. Ó tì mí síwájú, ó fà mí sẹ́yìn. “Ẹ kú iṣẹ́ o! Táíwò ni mí!”

“Kẹ́hìndé dà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi kì í yára, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń wó ilé. Ẹ máa kà. Bí ẹ bá kà pẹ́ kó tó dé, ọ̀nà jíjìn la ti wá.” Ó ti lọ.

Lójú ẹsẹ̀, Ọ̀gá Ṣówùnmí àti gbogbo òṣìṣẹ́ di ewúrẹ́. Wọ́n figbe ta, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!” kí ẹnikẹ́ni nílùú tó fura. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí wọn ṣe nìyẹn.

Mo ń kà lábẹ́nú. Báírò ń ha ìwé. Ọlọ ní, “Márùn-ún!”

“Màmá, márùn-ún ni!”

“Márùn-ún? Ọmọ tí mo bí jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ó mú ẹ̀gúsí mìíràn.

Ọlọ ní, “Mo ṣì í wò. Mẹ́fà ni.”

“Màmá, mẹ́fà ni!”

“Ẹyọ kan náà ló fi lé? Jẹ́ n bó eléyìí tán.”

“Kì í ṣe ẹyọ kan, Màmá! Ìṣirò ilẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀! Bí báírò bá fò ní ìwọ̀n ìka kan fún márùn-ún, ìka mẹ́wàá ló máa fò fún mẹ́fà. Agbára tó wà nínú rẹ̀ gan-an lé ní ìlọ́po ọgbọ̀n!”

“O ò sì tètè wí!” Ó dìde, ó gbé ọ̀pá, ó dé ẹnu ọ̀nà. Mo mí kanlẹ̀. Ló bá tún yí padà wọlé!

“Màmá, kí lẹ tún ń wá?”

“Ọlọ mi!”

“Ọlọ yín wà lọ́dọ̀ mi níbí!”

“Olè!” Ó tú jáde pẹ̀lú ìbínú, ó ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀wá ni mo kà dé tí Kẹ́hìndé fi yọ, ó sanra, ó ń mi ìdí sọ́tùn-ún, ó ń mì í sósì. Ilé alámọ̀ wó lulẹ̀ gbì lẹ́yìn Màmá, kò kàn án. Kẹ́hìndé gbá èjìká mi mú, ó ń mì mí, ó ń mì mí…

Mo lajú. Màmá Àgbà ló di èjìká mi mú.

“Mo ti fi ọ̀pá tì ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ò jí. Dìde! Ògiri ilé ìdáná tí mo ní kó o wá wò láti ọjọ́ Ẹtì ti là o. Wá bá mi gbé ọlọ mi jáde.”

Mo la ẹnu láti bi í pé báwo ló ṣe là tó. Mo pa á dé. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo gbé ọlọ, ó di abẹ́ igi máńgòrò. Mo sọ̀ ọ́, mo wò ó dáadáa.

Ọlọ ò mì. Èmi ni mò ń gbọ̀n.